Ilé Méjì Tí A Lọ Wò Nítorí Ọmọ

Kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo mọ ìwé, èmi ni mo mọ ohun tí ojú mi rí. Níbi tí mo bá ti sọ pé 'ìyá rẹ', fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á máa mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ni mò ń sọ, àti pé ìwọ tó ń kọ ọ́ yìí ni àkọ́bí rẹ̀, tó fi sílẹ̀ tì mí ní Ìkòròdú nígbà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Dùbáì. Mi ò fẹ́ ká dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ni orúkọ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí ìyá rẹ pè mí pé kí n máa bọ̀, ohun tó sọ ò ju pé, 'Mọ́mì, mo lóyún, ẹ wá dúró tì mí.' Ọkùnrin tó fún un lóyún, ọmọ ilẹ̀ wa náà ni. Kọ́ńtíráàtì rẹ̀ parí, ó wọ bàálù, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó tán. Bí mo ṣe gbọ́ oyún, ẹrù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Mo di kànìnkànìn tuntun, mo di ọṣẹ dúdú, mo bu òrí sínú ike kékeré, mo di àdí àgbọn. Èrò mi ni pé ọmọ ni mo fẹ́ lọ wẹ̀, kí n wẹ̀ ẹ́ títí ọrùn rẹ̀ á fi le, kí n pọ̀n ọ́n wálé kó wá bá ọ. Ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa jà sórí ẹran. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: tí ìyá bá wà nídàálẹ̀, ìyá ìyá lá gba ọmọ tọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Síkiọ́rítì ni ìyá rẹ. Ilé ìkẹ́rùsí kan ló ń ṣọ́ ní Al Quoz, lápá Dùbáì. Ibi tó ń sùn tẹ́lẹ̀, bedspace ni wọ́n ń pè é: bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lókè orí rẹ. Wọn kì í gba ọmọ jòjòló níbẹ̀. Nígbà tí oyún wá hàn, obìnrin Yorùbá kan tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n gbà á sí yàrá rẹ̀ ní Ṣárjà, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kan Dùbáì. Ẹ̀gbọ́n yìí ń se oúnjẹ wa, ó ń tà á fún àwọn tó ń wá ra ọkọ̀ tokúnbọ̀ ní Industrial Area. Pákó ni wọ́n fi pín yàrá náà sí méjì. Tí aládùúgbò bá sín lọ́hùn-ún, ìwọ lo máa sọ pé pẹ̀lẹ́.

Inú yàrá yìí ni mo sọ ẹrù sí. Mo fọwọ́ kan ikùn ìyá rẹ, mo ní, 'Má ronú, mo ti dé. Tó bá ti lè gbé ọrùn dúró, màá gbé e lọ.'

Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ jókòó.'

Mo jókòó.

'Mi ò pè yín pé kẹ́ ẹ wá gbé e lọ. Mo pè yín kẹ́ ẹ wá bá mi wo àwọn tó máa gbà á.'

Ó wá ń ṣàlàyé. Lọ́yà obìnrin kan ló ń bá a ṣètò. Ìdílé méjì ti jáde pé àwọn fẹ́ ọmọ náà. Èyíkéyìí tó bá mú nínú wọn, ilé ẹjọ́ á gbé ọmọ fún wọn, á di tiwọn pátápátá, á máa jẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá tó bí i. Á máa lọ wò ó, ọmọ á mọ̀ ọ́n, á mọ̀ pé inú rẹ̀ lòun ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló sì máa yan ilé tí ọmọ ń lọ.

Mo pariwo. Mo ní, 'Ṣé mo ti kú ni? Ewúrẹ́ lo fẹ́ tà, tí o ní kí n wá bá ẹ wo oníbàárà?'

'Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń tà.'

'Ta ló ń tọ́ èyí tó wà nílé? Ṣé ebi ń pa á? Ṣé kò lọ sílé ìwé?'

'Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ ṣeun. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, nígbà tí ẹ gbé fóònù fún un, kí ló pè mí?'

Ìwọ náà á rántí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ẹnu rẹ fúnra rẹ ló ti jáde: 'Ẹ káàsán, àǹtí.' Èmi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo rò pé òun náà rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

Ó ní, 'Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò lè tún jẹ́ ohùn nínú fóònù. Ẹni tó bá máa tọ́ ọ, ibi tí mo wà ni mo fẹ́ kó wà, kí n máa fojú mi rí i, kí ojú rẹ̀ mọ̀ mí.'

Má wò mí. Máa kọ ọ́ lọ.

Ilé tí a kọ́kọ́ lọ, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ní Jumeirah Village Circle, ní Dùbáì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ń gbé. Inú mi ti dùn ká tó kan ilẹ̀kùn, nítorí òórùn ẹ̀fọ́ rírò ti pàdé wa lẹ́nu líìfì. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì. Ìyàwó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn kó tó kúnlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí aboyún ṣe ń kúnlẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Ikùn ti yọ síwájú.

Mo ní, 'Háà! Ìyàwó, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ mọ́. Ẹ kú ìkúnra o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ! Ọlọ́run ti dá yín lóhùn kẹ́ ẹ tó rí wa.'

Ọkọ wo ilẹ̀. Ìyá rẹ wo fèrèsé. Ìyàwó ní, 'Àmín, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun.'

A jẹun. Ọkọ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó ní àwọn ti ń wojú Ọlọ́run ó ti pẹ́. Ó ní Yorùbá làwọn á máa sọ sí ọmọ náà nínú ilé, á mọ ìdọ̀bálẹ̀, á mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣàmín kó tó parí rẹ̀.

Ìyàwó wá ní, 'Mọ́mì, ẹ wá bá mi wo yàrá ọmọ.' Mo tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀dì kékeré wà níbẹ̀, aṣọ kéékèèké, ìbọ̀sẹ̀ tí ò tó àtàǹpàkò mi. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè.

Fóòmù ni. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù àga. Wọ́n gé e roboto, wọ́n rán aṣọ funfun bò ó, wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn. Ó ní lóṣooṣù lòun ń fi kún un.

Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ mọ bí ilé wa ṣe rí. Tí ìyá ọkọ mi bá gbọ́ pé a gba ọmọ ni, títí ọmọ yẹn á fi hewú, ọmọ àgbàtọ́ ni wọ́n á máa pè é. Wọ́n á máa wo imú rẹ̀, wọ́n á máa wo etí rẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbààwẹ̀ fún mi títí. Gbogbo wọn ló ti rí i pé mo lóyún.'

Mo ní, 'Ọmọ tèmi ńkọ́? Wọ́n ní á máa wá wò ó.'

'Á máa wá, mà. Níbẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá ti wá ń dá ojú mọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa yọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Á kàn máa jẹ́ àǹtí. Àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ ní Al Quoz. Mọ́mì, ìyà ò ní jẹ ọmọ yẹn. Ọlọ́run gbọ́.'

Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé fóòmù náà. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ooru ara rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Mo ti fọwọ́ kan ikùn aboyún tó pọ̀ láyé mi, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lára. Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ mi dúró síbẹ̀, tó ń retí kí ọmọ tapá? Títí dòní, tí mo bá gbọ́wọ́ lé ìrọ̀rí, nígbà mìíràn ọwọ́ yẹn á dákẹ́, á tún máa retí.

Nínú takisí tó ń gbé wa padà sí Ṣárjà, ìyá rẹ ò wò mí. Ó ní, 'Ó ti fi hàn yín.'

'O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?'

'Mo rí etí okùn náà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Mọ́mì, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wọ ilé tí ẹlòmíràn ti ń lóyún ọmọ mi?'

Mo gbèjà wọn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní irọ́ kékeré ni, àánú ló bí i. Mo ní ọmọ á gbọ́ Yorùbá, á jẹ oúnjẹ tí a ń jẹ. Mo ní, 'Ọmọ tí wọ́n bá fi irọ́ kẹ́, ṣé kì í dàgbà ni?'

Ó ní, 'Á dàgbà, mà. Èmi ni wọ́n á ti sin.'

Ilé kejì, ará Ìńdíà ni wọ́n, láti apá gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí. Mi ò fẹ́ràn wọn kí n tó rí wọn. Ní Ṣárjà ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí wa. Ọkọ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Industrial Area, ìyàwó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé ìwé. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àgbélébùú wà lára ògiri. Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun. Kò gbọ́ òyìnbó, èmi náà ò gbọ́.

Wọ́n gbé tíì olómi wàrà wá, ó dùn jù. Ìyàwó ń sọ òyìnbó, ìyá rẹ ń túmọ̀ fún mi. Èmi àti ìyá arúgbó ń wo ara wa bí àgbébọ̀ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú àgò kan. Ó wá dìde, ó lọ mú ike òróró kan wá, ó ṣí i, ó gbé e sí mi nímú. Àdí àgbọn ni! Èyí tí mo dì wá láti Ìkòròdú, òun náà ní. Ó fa ìrọ̀rí kan lórí àga, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ìrọ̀rí sórí ẹsẹ̀, ó ń fi òróró ra á láti orí dé ìdí.

Mo ní, 'Rárá o, rárá o! Ta ló ń fi òróró ṣáájú omi gbígbóná?' Mo gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ tèmi. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fún un nímú, mo na ọwọ́ òsì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo dì í lọ́wọ́ méjèèjì, mo sọ ọ́ sókè, mo hán an. Ìyá arúgbó ké, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó gba ìrọ̀rí padà, ó ń bá mi wí lédè wọn, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pé mo ti fẹ́ pa á. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó yíjú sí ìyá rẹ, ó bi í ní nǹkan kan. Ìyá rẹ ò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn jókòó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

Mo ní, 'Kí ló sọ sí ẹ? Ṣé ó bú ẹ ni?'

'Ó ní, kí ni ọmọ á máa pè mí.'

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ ní ilé àkọ́kọ́. Èmi ìyá rẹ̀ gan-an, mi ò bi í. Ìyàwó náà tọ́ka sí ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, ó ní ibẹ̀ làwọn á gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́, kí ọmọ máa rí i láti kékeré.

Nígbà tí a délé, mo ṣì ń jà. Mo ní, 'Ọmọ Ìkòròdú ni o fẹ́ kó máa fọwọ́ po ìrẹsì bí ẹni tó ń po simẹ́ǹtì?'

Ìyá rẹ ní, 'Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ṣíbí lẹ fi ń jẹ ẹ̀bà ni?'

'Èdè wo lá fi kí mi? Tí mo bá kú, èdè wo lá fi sunkún mi?'

Ẹ̀gbọ́n dá sí i níbi tó jókòó sí, tó ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́: 'Mọ́mì, khalas!' Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó nìyẹn lọ́hùn-ún. 'Ẹ ò tíì kú, ẹ ti ń wá ẹni tó máa sunkún. Ẹ jẹ́ kí aboyún sinmi.'

Ìyá rẹ mú àwọn ará Ìńdíà. Ó sọ fún lọ́yà, lọ́yà sọ fún àwọn ti ilé àkọ́kọ́. Ìyàwó yẹn pè mí lórí fóònù. Mo rò pé á bú mi, mo ti múra sílẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, 'Mọ́mì, ẹ káàárọ̀, mà. Kí ni kí n wá ṣe sí ikùn yìí?'

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, 'Ẹ ṣeun, mà,' ó gé e.

Ìyá rẹ bí i láìsí wàhálà. Ọkùnrin ni, ó pupa, orí rẹ̀ kún fún irun. Mo wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà tí ẹ̀gbọ́n fi ń rẹ ẹ̀wà, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará Ìńdíà wá, àti ìyá arúgbó aláṣọ funfun. A fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, a fi iyọ̀ kàn án. Wọ́n sọ orúkọ tiwọn, ìyá rẹ sọ tirẹ̀. Èmi sọ oríkì sí i létí, mi ò ní sọ ọ́ síbí. Nígbà tí à ń wá ohun tí ọmọ á máa pè wá, ìyá rẹ ní kí wọ́n ṣe é bí a ṣe ń ṣe é nílé: Màmá Al Quoz lòun, Màmá Ìkòròdú lèmi. Ìyàwó náà tún un sọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Wọn ò já a gbà. Ìyá rẹ ló gbé e fún ìyá arúgbó fúnra rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, 'Tó bá ń sọkún, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ ra fún un.' Èdè Yorùbá ló fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé Yorùbá lòun ń sọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, yàrá náà ò dákẹ́, pákó ni. Ọmọ aládùúgbò ń ké lọ́hùn-ún, ìyá rẹ á dìde dúró kó tó rántí. Ọmú rẹ̀ le bí òkúta. Ó ń fún un dànù ní balùwẹ̀, ó ń ṣí omi kí n má bàa gbọ́. Èmi náà gbé omi kaná láàárọ̀, mo gé ọṣẹ, mo nawọ́ mú kànìnkànìn. Omi náà hó títí, mo dúró tì í, mò ń wò ó.

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má jókòó sínú ilé máa ronú, kí n bá òun lọ sí ìsìn ọpẹ́ kan ní Dùbáì, níbi tí àwọn ará wa ti ń péjọ. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìsìn parí, mo rí i tí àwọn obìnrin yí ẹnì kan ká lórí àga. Wọ́n ń sọ pé, 'Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.' O mọ ohun tí wọ́n ń fi ìyẹn kí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú tí òun yè ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó ti ilé àkọ́kọ́ ni. Ikùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn, ẹkún tó ń sun kì í ṣe ẹkún irọ́.

Mo lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbo ni ì bá gbé ikùn náà sí? Ó ti sọ fún wọn pé òun bímọ, ọmọ ò dúró. Ọmọ wa ni wọ́n ń sunkún. Ọmọ wa, tó wà ní Ṣárjà tó ń mu wàrà, ti kú síbí, wọ́n ti ń gbàdúrà lé e.

Mo fẹ́ yà. Ẹ̀gbọ́n, tí ò mọ̀ pé obìnrin ilé àkọ́kọ́ nìyí, gbá mi lẹ́yìn: 'Mọ́mì, àgbà ni yín, ẹ bá wa kí i. Ọ̀rọ̀ àgbà ló ń tu irú wọn nínú.' Àwọn obìnrin là fún mi. Gbogbo wọn ń wojú mi.

Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á bi mí léèrè. Tí mo bá sọ òótọ́, mo ti pa á síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, 'Kú ìrọ́jú, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi èyí tó máa bá ọ kalẹ́ rọ́pò.' Ẹnu tí mo fi sọ oríkì sí ọmọ létí, òun náà ni mo fi kí òkú rẹ̀.

Ó dì mí mú gírígírí. Ó fi ẹnu sí etí mi bí ẹni tó ń sunkún lé mi léjìká.

Ó ní, 'Mọ́mì, ṣé ọkùnrin ni?'

Mo ní, 'Ọkùnrin ni.'

Ó wá ké tòótọ́. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́, mo jẹ́ kó ráyè sunkún.

Ìbẹ̀rù tó bá mi nígbà tí mo jáde síta, mi ò ní irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹnu àgbà kì í lọ lásán. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìńdíà báyìí báyìí. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ tí a dá, ó ní wọ́n lè má ṣílẹ̀kùn. Mo ní kó mú mi lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ọmọ tí ìyá gbé dání, mo ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí.

Mo kan ilẹ̀kùn náà bí ọlọ́pàá. Ìyá arúgbó ló ṣí i, òróró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó fà mí wọlé, ó padà jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ọmọ ti wà lórí aṣọ, ìhòòhò, ó ń dán, ó ń tapá.

Mo gbé e. Mo gbé imú sí imú rẹ̀, èémí rẹ̀ gbóná. Ó wò mí, ó fajú ro, ó bú sẹ́kún. Mo mì í, mo kọrin fún un, ó ń ké. Ìyá arúgbó nawọ́, mo gbé e fún un, ó dákẹ́.

Mo jókòó tì wọ́n, mo sì rò ó fún un. Gbogbo rẹ̀: fóòmù, agbè, ohun tí mo fi ẹnu mi sọ. Yorùbá ni mo fi rò ó. Ó ń fi òróró ra ọmọ, ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó bu òróró díẹ̀, ó fi ra èmi náà lẹ́yìn ọwọ́.

Mo padà wálé, mo bá ọ, a jọ wà. Wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ títí dòní. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ibẹ̀ ló ń lọ, ọmọ á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè sọ pé kò yàn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ibà bá kọ lu ọmọ yẹn, èmi ni mi ò ní sùn, torí mo mọ ẹnu tó kí i. Obìnrin ti ilé àkọ́kọ́, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ọmọ kan wà lọ́kàn rẹ̀ níbi tó bá wà, tí ò dàgbà, tí wọ́n ń sọ pé ó ti kú, ojú ọmọ wa ló sì ní.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dán àbúrò rẹ wò lórí fóònù. O máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, o ní mo ń da ọmọ láàmú. Kó wúkọ́ kí n gbọ́. Kó yọ ahọ́n. Kó mí sí fóònù. Ó rò pé eré ni, ó ń ṣe é.

Ìjẹta tí a pè wọ́n, ìyá rẹ wà níbẹ̀, ọmọ jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ó bi í ní nǹkan kan lóyìnbó, ìwọ lo túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní kí ló dé tí Màmá Ìkòròdú máa ń ní kí òun mí. Ìyá rẹ, tí mi ò rò ó fún rí, rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ó ń wò bóyá o ṣì wà ni. Dá a lóhùn. Sọ pé, mo wà, mà.'

Ọmọ sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ imú nìkan là ń rí. Ó ní, 'Mo wà, mà.'

Mo ní kó tún un sọ.